Ìyá Àgbà Tó Ń Bá Wa Ra Ọkọ̀

Ní ọjọ́ tí a ṣe fídáù Ìyá Àgbà wa ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, ọkọ̀ kún ojú agboolé débi pé ojú títì ni àwọn àfáà ti sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọlé. Kì í ṣe ọkọ̀ olówó ńlá. Àlòkù ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ọ̀dà òmíràn ti ń ṣí, ilẹ̀kùn òmíràn kò bá ara tó kù mu ní àwọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n tì dé ibẹ̀. Bí àwọn tó ni wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń kí wa kú ará fẹ́ra kù, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Ìyá ló bá mi ra èyí." Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí fọwọ́ lu orí ọkọ̀ tirẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà tí Alhaja ti ní kí n rà á, kò dójú tì mí rí."

Ẹni tí kò bá mọ Alhaja Sàlámátù lè rò pé ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ni. Ìyá Àgbà kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní Ọjà Tuntun títí orúnkún fi ní òun kò gbà mọ́. Bí o bá ṣí ẹńjìnnì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣe ni yóò gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé ó já lu ẹlòmíràn ní ilé ìwẹ̀. Síbẹ̀, nínú agboolé wa àti ní àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń lọ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó láìkọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ ní iyàrá rẹ̀. Á wọ híjáàbù rẹ̀, á bu obì gòòrò sẹ́nu, á ní kí wọ́n fún òun ní iwájú ọkọ̀ nítorí ẹsẹ̀ òun. Bí èèyàn bá yìn ín pé ó mọ̀ nípa ọkọ̀, á ká a lẹ́nu kò kíákíá: "N ò mọ ẹńjìnnì o. Ọmọ Ádámọ̀ ni mo mọ̀ díẹ̀."

Màmá mi ló sọ fún mi bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ sọ ọ́. Bàbá Àgbà, ọkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n jọ máa ń kírun. Ọkùnrin náà ní ìyá òun wà ní ọsibítù, pé nítorí rẹ̀ ni òun ṣe fẹ́ ta ọkọ̀ náà wàràwàrà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni omijé ń dà lójú rẹ̀. Àánú ṣe Bàbá Àgbà. Kò wo ìwé ọkọ̀ dáadáa, kò béèrè ilé ọkùnrin náà, ó sanwó, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi dá a dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n jí ọkọ̀ náà ni, ẹni tó ni ín sì ti ń wá a kiri. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n ti bàbá mọ́lé, ẹni tó ta ọkọ̀ ti bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ló ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun náà ló lọ bá ẹni tó ni ọkọ̀ ní ilé rẹ̀, tó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà pé àfáà kì í ṣe olè. Nígbà tí bàbá jáde, ará ilé ń gbé ọkùnrin ẹlẹ́kún náà ṣépè. Ìyá Àgbà ò bá wọn ṣépè. Màmá mi ní ó kàn jókòó, ó ń ṣa ìrẹsì, ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹkún rẹ̀ la rà. A ò ra ọkọ̀."

Láti ìgbà yẹn ló ti ní òfin tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a jà á níyàn. Kò ní í bá ọ wo ọkọ̀ ní ilé epo, kò ní í bá ọ wò ó lábẹ́ afárá, kò ní í bá ọ wò ó ní oríta. Ilé tí ọkọ̀ ń sùn ni yóò dé. Ó ní ẹni tó bá ń ta ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kò ní í sá fún kí o mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àárọ̀ ló sì máa ń fẹ́ lọ, kí wọ́n tó ṣáná sí ọkọ̀ rárá, nítorí mẹkáníìkì kan ti sọ fún un pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti mú gbóná sílẹ̀ de oníbàárà, ó lè jẹ́ pé ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Bí ẹ bá débẹ̀, mẹkáníìkì á lọ sídìí ọkọ̀, òun á lọ sídìí àwọn èèyàn. Á kí ìyàwó ilé, á kí ọmọ, á béèrè omi mu. Kí omi náà tó tán nínú ife, ó ti mọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà, ibi tó máa ń gbé e lọ, àti ìdí tí wọ́n fi fẹ́ tà á.

Èmi náà jẹ nínú oore yìí. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ibi iṣẹ́ tó jìnnà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ kékeré kan lórí fóònù. Mo rí ọ̀kan tó wù mí, ó ń dán, owó rẹ̀ sì rọjú. Mo pe ẹni tó ń tà á. Ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní kí n wá pàdé òun ní ilé epo kan lójú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfúrufú. Mo ní ìyá mi àgbà fẹ́ bá mi wá, pé ó sì fẹ́ dé ilé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilé òun jìnnà, ọ̀nà ò dáa. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé fóònù fún òun.

"Sàláámù àlékúmù, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lo ni ọkọ̀ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ti bùrọ̀dá mi ni. Wọ́n ti lọ sí ìlú òyìnbó, èmi ni wọ́n fi jẹ aṣojú."

"Madalla, ó dára bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun á ṣọ́ wọn níbẹ̀. Orúkọ wọn ló wà nínú ìwé ọkọ̀?"

"Orúkọ ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. A ò tíì yí i padà."

"Kò burú. Ṣé a lè bá bùrọ̀dá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé kí o tà á?"

Ni ohùn ọkùnrin náà bá yí padà. Ó ní bùrọ̀dá òun kì í ráyè. Ó ní èèyàn mìíràn ti wà lọ́nà tó fẹ́ rà á, pé bí n kò bá fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ báyìí kí òun lè dì í mú fún mi, yóò bọ́. Mo ń ṣẹ́jú sí Ìyá Àgbà pé kí ó jọ̀wọ́, kí a má pàdánù rẹ̀. Kò wò mí. Ó dá ọkùnrin náà lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Jẹ́ kí ẹni yẹn rà á, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i fún un." Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

Mo bínú, n ò ní í purọ́. Mo ní ó ti lé ọkọ̀ mi lọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Tánkẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. A kò tíì jókòó tán tí obìnrin náà fi ní, "Alhaja, kí ẹ tó wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ẹ̀rọ tó ń mú inú rẹ̀ tutù kò ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀. Nǹkan mìíràn kò ṣe é." Mẹkáníìkì wa yẹ̀ ẹ́ wò títí, ohun méjì náà ló rí. Orúkọ obìnrin náà ló wà lórí ìwé, nọ́ńbà ara ọkọ̀ sì bá ti inú ìwé mu. Òun ni mo ń wà títí di òní. Nígbà tí à ń padà sílé, tí ooru ń mú wa nínú rẹ̀, Ìyá Àgbà fi etí híjáàbù nu ojú, ó ní: "Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àlébù ọjà rẹ̀ hàn ọ́, Àṣàkẹ́, jókòó tì í."

Mo ti mẹ́nu ba mẹkáníìkì wa. Bàbá Kàmáàlù ni, ìjà òun àti Ìyá Àgbà kò sì tán láyé. Ó mọ iṣẹ́, ìyá náà mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí wọ́n lọ wo ọkọ̀, Ìyá Àgbà rí i tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ fa Bàbá Kàmáàlù sí ẹ̀yìn ògiri tó sì fi nǹkan sí i lápò. Nígbà tí Bàbá Kàmáàlù padà wá tó ní ọkọ̀ náà dára, ìyá ní kí ó kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ padà, kí ó wá tún ọkọ̀ náà yẹ̀ wò.

"Alhaja, gòòrò lásán ló fún mi."

"Jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́ nígbà náà."

Bàbá Kàmáàlù kò lè rẹ́rìn-ín, kò sì lè bínú. Ó dá a padà. Ó tún bọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní gíà rẹ̀ ti ń kú lọ. Fún ọjọ́ pípẹ́ kò kọjá níwájú ilé wa, ṣùgbọ́n ìgbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló wá ń pe ìyá pé kí ó bá òun lọ. Nígbàkigbà tí a bá fẹ́ mú mẹkáníìkì tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ yàn fún wa, Ìyá Àgbà á ní: "Ojú kan kì í sin ọ̀gá méjì. Ẹ mú ojú tiyín dání."

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé málékà ni mo ń júwe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń ṣi èèyàn wò. Ọkùnrin kan wà tó ń ta ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, aláriwo èèyàn ni, ó ń búra, ó ń pariwo, ó ń fọwọ́ lu àyà. Ìyá Àgbà ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí i lójú, níwájú ìyàwó rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ra ọkọ̀ náà, ọkọ̀ náà sì dára bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́, kò wá àwáwí. Ó ra wàrà, ó ní kí n gbé òun lọ sí ilé ọkùnrin náà. Arúgbó náà jókòó lórí àga pákó, ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Ariwo rẹ ni mo gbọ́, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ." Ara ọkùnrin náà kò gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń pariwo pé kí ìyá má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wọ ọkọ̀ padà, Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀: "Wò ó, ó ṣì ń pariwo. Ìwà rẹ̀ ni. Kò burú."

Mo ti ń pòòyì yí ohun tí mo jókòó láti kọ ká. Ó tó àkókò kí n sọ ọ́.

Bọ̀dá Yàkúbù ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, àbúrò màmá mi. Nínú gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, òun ló fẹ́ràn jù, kò sì fi pamọ́. Iṣẹ́ Bọ̀dá ni kí ó ra ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá, kí ó tún un ṣe, kí ó tà á. Ìgbà kan, ọkọ̀ ìgbọ́kọ̀ gbé ọ̀kan wá sí agboolé wa. Iwájú rẹ̀ ti wọlé pátápátá, àga awakọ̀ ti súnmọ́ ẹńjìnnì. Gbogbo wa rí i. Bọ̀dá mú àwọn ajórin wá, wọ́n gé iwájú ọkọ̀ mìíràn, wọ́n jó o mọ́ ẹ̀yìn ti èyí, wọ́n kùn ún. Nígbà tí wọ́n parí, ó ń dán bí ẹni pé kò rí ìbànújẹ́ rí.

Obìnrin kan wá wò ó ní ọjọ́ Sátidé kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní iléèwé jéléósinmi kékeré kan. Bọ̀dá ń fi ọkọ̀ hàn án, ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń pa á dé kí ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Obìnrin náà béèrè bóyá ó ti kọ lu nǹkan rí.

"Wallahi, Ìyáàfin, kò forí sọ nǹkan kan rí," ni Bọ̀dá wí.

Ìyá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pe obìnrin náà.

"Ìyàwó, ẹ kú àbọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe?"

"Ìyá, àwọn ọmọ iléèwé wa ni. Mo fẹ́ máa fi kó wọn láti ilé."

Ìyá Àgbà gbé àtẹ sílẹ̀. "Yàkúbù, sọ fún wọn bí ọkọ̀ yìí ṣe wọ agboolé yìí."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín tí kò dé ọ̀fun. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé, oòrùn ti ń mú."

"Sọ fún wọn, ọmọ mi. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti jáde."

Gbogbo wa dúró. Màmá mi jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Bọ̀dá yíjú sí ọkọ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó rìn lọ bá obìnrin náà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Orí ọkọ̀ ìgbọ́kọ̀ ni èyí gùn dé ibí. Iwájú rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n gé e, wọ́n jó o pọ̀. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín, ẹ má fi gbé ọmọ ọlọ́mọ."

Obìnrin náà kò lè gbójú sókè. Ó dúpẹ́ ní ohùn kékeré, ó sì yára lọ. Bọ̀dá dúró ti ọkọ̀ dídán náà, ó ní, "Ìyá, èmi lẹ bí, àbí òun?"

"Ìwọ ni mo bí," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Àwọn tó máa jókòó sínú rẹ̀ náà, ẹnìkan ló bí wọn."

Ilé wa kò rọgbọ lẹ́yìn èyí. Àwọn kan ní ìyá ṣe dáadáa, àwọn kan ní kò yẹ kí ó tú àṣírí ọmọ rẹ̀ níwájú àjèjì. Màmá mi gan-an sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ ò bá pè é sí kọ̀rọ̀." Ìyá Àgbà wò ó. "Ṣé kọ̀rọ̀ ló ti ń tà á?" Bọ̀dá tú ọkọ̀ náà palẹ̀, ó tà á ní ẹ̀yà ẹ̀yà fún àwọn tó ń ra irin, ó sì kó lọ sí Òkè-Oyì lẹ́yìn ìlú, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù táyà síbẹ̀. Kò wá sílé mọ́. Ìtúnu ààwẹ̀ dé, kò wá. Iléyá dé, kò wá. Ìyá Àgbà bu oúnjẹ tirẹ̀ pẹ̀lú ẹran tó fẹ́ràn, ó fi ìdérí bò ó, ó gbé e sí iyàrá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ mẹ́nu bà á. Mo rí i tó ń nu ojú nígbà tó rò pé a ti sùn oorun ọ̀sán. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó bẹ Bọ̀dá, á ní: "N kò lè bẹ ẹ̀bẹ̀ nítorí òótọ́. Mo lè sunkún nítorí rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìròtẹ́lẹ̀, a rí Bọ̀dá Yàkúbù tó wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Àgbà wà ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ ni ìyá ti jáde pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun. Bọ̀dá dì í mú sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó jẹun. A kò béèrè, wọn kò sì sọ fún wa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Bọ̀dá kò wá. Òun ló ń gbé ìyá lọ sí ọsibítù ní ìgbẹ̀yìn, orí apá rẹ̀ ni ìyá sì wà lẹ́yìn ìrun àsárì tí Ọlọ́hun fi gbà á.

Lẹ́yìn fídáù, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, mo bi Bọ̀dá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tó gbé ìyá wálé. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní:

"Ó wọ ọkọ̀ èrò dé ìdíkọ̀, ó wá gun ọ̀kadà dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹsẹ̀ yẹn o, Àṣàkẹ́! Ó jókòó sórí táyà. N kò kí i dáadáa. Mo ní, 'Ìyá, ẹ dójú tì mí níwájú àjèjì.' Ó ní, 'Mo mọ̀. Kò tíì kúrò lára èmi náà.' Mo ní kí ló wá dé tí ẹ fi ṣe é? Ó ní, 'Bí ọmọ ẹlòmíràn ló ń búra èké, bóyá ojú á tì mí, kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n tèmi ni ọ́, Yàkúbù. Èmi àti ìwọ la jọ máa dáhùn níwájú Ọlọ́hun.'"

Mo rò pé ó ti parí ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun nínú mi, nítorí obìnrin tó fún wa, nítorí àwọn ọmọ jéléósinmi tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n ti ń dàgbà níbi kan ní Ìlọrin yìí. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

"Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbé e délé. Ọkọ̀ kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Mo ṣílẹ̀kùn, mo dúró, mo ń retí pé yóò bi mí ní ìbéèrè nípa ọkọ̀ náà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọ ọkọ̀, ó fẹ̀yìn ti àga. A kò tíì kúrò ní Òkè-Oyì tí ìyá mi fi sùn lọ."